Adágún Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Owó Ìfẹ̀yìntì Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá jókòó sí iwájú ilé mi, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ káńsù dáa?", mo mọ ohun tí ẹ ń bi mí gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ lẹ ń bèèrè, owó ìfẹ̀yìntì lẹ ń bèèrè. Ẹ rí i pé mo ti darúgbó, mo ń jẹun, mi ò sì tọrọ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ wá rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Ó dáa. Ẹ jókòó dáadáa. N ó sọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún yín, n ó sì sọ bí owó náà ṣe dúró tí kò bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí kálukú lọ ronú fúnra rẹ̀.

Làsísì ni orúkọ mi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé wa kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe. Ẹ̀yin ò mọ wolé-wolé mọ́, ẹ kàn ń gbọ́ orúkọ wa ni. Àwa la máa ń wọ kaki láàárọ̀, tí a ó wọ ilé onílé, tí a ó yẹ ṣáláńgá wò, tí a ó yẹ ìkòkò omi wò. Bí a bá rí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi, a ó da omi náà nù, a ó sì kọ sámáńsì fún onílé. Bí àwọn ìyá bá rí wa lókèèrè, wọ́n á ké sí ara wọn láti agboolé dé agboolé pé, "Wọ́n ń bọ̀ o! Wọ́n ti dé o!", wọ́n á máa sáré fọ ìkòkò. Orúkọ wa ni wọ́n fi ń pa ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn wa, èmi náà ò sì purọ́ fún ara mi pé wọ́n fẹ́ràn wa.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì, wọ́n fún mi ní kaki méjì àti fìlà kan. Owó oṣù kéré, ṣùgbọ́n ó ń tó mi jẹun. Ìyẹn tán nìyẹn.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá Oyèníyì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bíi tèmi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń wọlé onílé kiri. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a jáde, ilé kan lẹ́yìn Akẹ̀sán ló mú mi lọ. Dígí kékeré kan ni irinṣẹ́ wa nígbà náà. O ó dúró sójú oòrùn, o ó fi dígí gba ìmọ́lẹ̀, o ó darí rẹ̀ sínú ìkòkò tàbí sínú kànga, gbogbo ìsàlẹ̀ omi á sì hàn kedere. Mo darí tèmi sínú ìkòkò kan, mo wò ó fìrí, mo ní, "Ó mọ́, sà."

Ọ̀gá bu omi náà sínú igbá, ó nà án sí mi. "Mu ún."

Mo ní, "Ọ̀gá, òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Ta ló bi ọ́ ní ti òùngbẹ? O ní omi yìí dáa kí obìnrin yìí bù ú fún ọmọ rẹ̀. Bó bá dáa fún ọmọ ọlọ́mọ, ó dáa fún ìwọ náà. Gbà, kí o mu ún."

Mo gbà á, mo mu ún níṣojú obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo omi tí mo bá ti sọ pé ó dára, dandan ni kí n mu nínú rẹ̀ kí n tó kúrò lágboolé náà. Kó tó di ọ̀sán, inú mi á ti wú, mo ń rìn, omi ń dún nínú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Àmù. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mélòó kan, mi ò wo omi fìrí mọ́. Bí mo bá wo ìkòkò kan lónìí, n ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ mu ún.

Ọ̀gá le. Ó le jù. Ní ọjọ́ kan, alápatà kan ní Akẹ̀sán fi ẹran díẹ̀ sínú ewé, ó tì í sí mi lọ́wọ́. Mi ò tọrọ rẹ̀ o, òun ló fún mi. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ́fíìsì kí Ọ̀gá tó rí i. Ó ní kí n gbé e padà, kí n dúró láàárín ọjà, kí n sọ sókè pé mi ò lè jẹ ẹran lọ́wọ́ ẹni tí mo fẹ́ yẹ tábìlì rẹ̀ wò. Mo sọ ọ́. Gbogbo àwọn alápatà bú sẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé. Mo kórìíra ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún ìyá mi pé n ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi ní, "Lọ wẹ̀, kí o wá jẹun, ọ̀la ni wàá padà síbẹ̀." Mo sì padà.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àdúgbò kan nínú ìlú, títí dé Sábó, àti àwọn abà tó wà lójú ọ̀nà Ìrẹsà, àwa la ń yẹ̀ wọ́n wò. Kẹ̀kẹ́ ni a ń gùn lọ sí oko. Níbẹ̀ ni mo ti mọ sòbìà dáadáa. Ní Ọ̀yọ́, mo ti rí i lára ẹnìkan tàbí ẹni méjì, ṣùgbọ́n ní àwọn abà yẹn, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, adágún kan ṣoṣo ni gbogbo abà ń mu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Aràn gígùn kan ni sòbìà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ó sábà máa ń gba ẹsẹ̀ ènìyàn jáde. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń ta bí iná, ẹni tó ń ṣe á sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ sínú omi tutù. Bó bá ti fi í sínú adágún, aràn náà á tú ọmọ sínú omi. Ẹni tó bá mu omi náà ti mu sòbìà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ní mọ̀. Nǹkan bí ọdún kan ló máa ń gbà kó tó yọ sí i lára. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún àwọn ènìyàn láti gbà gbọ́ pé omi ni. Ta ló ń rántí omi tó mu ní èṣí?

Òfin wa kò ṣòroó mọ̀. Bí a bá bá ẹni tó ní ojú ọgbẹ́ sòbìà nínú adágún, a ó na okùn yí adágún náà ká, a ó so aṣọ pupa mọ́ okùn náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pọn níbẹ̀ mọ́ títí òjò á fi rọ̀ dáadáa. Ẹni tó wọ inú omi á lọ sí kóòtù. Àwọn ará abà á máa lọ pọn omi ní odò tó jìnnà. Wọ́n á bú wa, wọ́n á ṣépè fún wa. A ó na okùn náà síbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló sọ Ọ̀gá di arọ. Ó ń darí dígí sínú kànga àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, etí kànga náà ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó bá a lọ. Èmi ni mo so okùn mọ́ra tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Egungun ìdí rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ìjọba ní kó fẹ̀yìn tì, ó sì padà sí Ọ̀yọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin ni, ó wà nílé ọkọ. Kò lè roko, kò lè ṣòwò. Owó ìfẹ̀yìntì tí káńsù wa ń san fún un ló ń jẹ, èmi ni mo sì ń bá a gbé e lọ lóṣooṣù. Tí ó bá ti gbọ́ pé mo dé, á ní kí n dúró ná. Á wọlé, á wọ kóòtù dúdú tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á de bọ́tìnnì rẹ̀ tán, kó tó nawọ́ gba owó náà. Ó ní owó iṣẹ́ ni, òun ò lè fi ìhòòhò gbà á bí ẹni tó gba àánú.

Àárín àwọn ọdún tí ìjọba ara-ẹni ń bọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti ní kí ará ìlú máa dìbò yan àwọn kánsẹ́lọ̀. Ní agbègbè tiwa, ènìyàn méjì ló jáde. Ọ̀kan ni Àkànjí, oníṣòwò aṣọ, àwòrán kẹ̀kẹ́ ló wà lára àpótí tirẹ̀. Èkejì ni Látúndé, tíṣà, àwòrán fìtílà ni tirẹ̀. Wọ́n á gbé àpótí méjèèjì sẹ́yìn aṣọ, ìwọ á wọlé lọ, o ó ju ìwé rẹ sínú èyí tó wù ọ́.

Mo wà níbi tí Àkànjí ti sọ̀rọ̀ nítòsí Sábó. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, owó orí tí ẹ ń san, ta ló ń jẹ ẹ́? Wolé-wolé tó ń da omi yín nù! Wolé-wolé tó fà yín lọ sí kóòtù! Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ o, ó ti lọ nà gbọọrọ sílé, ẹ sì ń bọ́ ọ títí yóò fi kú! Ẹ dìbò fún kẹ̀kẹ́. N ó gé owó ìfẹ̀yìntì wọn, n ó fi gbẹ́ kànga oníṣìmẹ́ńtì sí gbogbo abà tó wà lọ́nà Ìrẹsà!"

Èrò pariwo. Kaki wà lọ́rùn mi. Ọkùnrin kan yíjú wò mí, ó fi ìgúnpá gún ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi fúnra mi ti kọ̀wé sí káńsù lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n gbẹ́ kànga sí àwọn abà yẹn. Kànga tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọkùnrin yìí fẹ́ gbẹ́ ẹ. Owó Ọ̀gá mi ló sì fẹ́ fi gbẹ́ ẹ.

Látúndé wá bá mi nílé lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó ní tí òun bá wọlé, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan owó arúgbó kankan. Mo ní òṣìṣẹ́ káńsù ni mí, òfin ò gbà kí n polongo. Ó ní, "Làsísì, ta ló ní kí o polongo? Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò ju pé kí o má bí àwọn ará abà nínú títí ìdìbò á fi kọjá."

Nígbà tí mo gbé owó oṣù náà lọ sí Ọ̀yọ́, Ọ̀gá ti gbọ́. Ó wọ kóòtù rẹ̀ bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bọ́tìnnì òkè dè. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ gé e?"

"Wọ́n ń sọ ọ́ ni, sà."

"Bí wọ́n bá gé e, ilé ọkọ ọmọ mi ni n ó lọ jókòó sí. N ó máa retí kí ọkọ ọmọ jẹun kù fún mi. Èmi Oyèníyì!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọn ò ní gé e. Mo ṣèlérí fún yín." Kí ló fún mi lẹ́nu àtiṣèlérí? Mi ò mọ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni, nítorí mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Alàmísì tó ṣáájú ìdìbò, Sátidé ni ìdìbò, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abà kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an, adágún wọn ti fà. Bí mo ṣe yọ sí etí omi, mo rí bàbá àgbà kan tó dúró nínú rẹ̀ dé orókùn, ó di ojú, ara ń tù ú. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè, mo rí òwú funfun náà tó ń fì lójú ọgbẹ́.

Mo pariwo, "Bàbá, ẹ jáde! Ẹ jáde níbẹ̀!"

Àwọn ará abà sáré wá. Ọmọ bàbá náà ló ṣáájú wọn, Músíbáù, àgbẹ̀ tó sígbọnlẹ̀, bóyá ọjọ́ orí wa dọ́gba. Òun ni abà náà máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀.

"Wolé-wolé, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ni. Ẹsẹ̀ ń jó wọn láti àná, wọn ò sùn. Ẹ má bínú sí wọn."

Mo ní, "Músíbáù, ẹ mọ òfin. Mo gbọ́dọ̀ ti omi yìí pa."

"A mọ òfin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tì í, ibo ni ká ti pọn? Kí obìnrin tó lọ sódò kó tó bọ̀, oòrùn ti wọ̀. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìkókó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ẹnìkan láàárín èrò kígbe pé, "Ẹ jẹ́ kó tì í! Kó tì í! Lọ́jọ́ Sátidé, àwa náà mọ àpótí tí a máa ju ìwé sí. Kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbẹ́ kànga fún wa ńkọ́?"

Músíbáù yíjú sí i pé kó dákẹ́. Ó wá rọra bá mi sọ̀rọ̀, bí ọmọ ìyá ẹni. "Ẹ ṣàánú wa lónìí nìkan. Bí ẹ bá ṣàánú wa, fìtílà ni gbogbo abà yìí máa ju ìwé sí. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín."

Okùn wà nínú àpò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi. Aṣọ pupa wà níbẹ̀. Mo dúró. Ọwọ́ Ọ̀gá lára bọ́tìnnì tí kò rí dè ni mò ń rí lójú. Mo wo Músíbáù, mo wo bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti fi jókòó sábẹ́ igi. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ inú omi mọ́ o. Ẹ gbọ́?"

Ẹ wo bí inú wọn ṣe dùn! Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ọmọ tí kò kí mi rí sáré wá gbá kẹ̀kẹ́ mi mú. Ìyàwó Músíbáù, pẹ̀lú ìkókó lẹ́yìn rẹ̀, bu omi adágún náà sínú igbá tó mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Ẹ mu omi, sà. Oòrùn ti pa yín."

Mo wo omi náà. Mi ò nílò dígí.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Mò ń gbààwẹ̀ Alàmísì ni."

N kò gbààwẹ̀. Mo ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo fi ààwẹ̀ Ọlọ́run purọ́, kí n má baà mu omi tí mo fi sílẹ̀ fún obìnrin ọlọ́mú láti máa mu.

Fìtílà wọlé. Ìbò tí Látúndé fi borí kò pọ̀, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé àwọn abà ọ̀nà Ìrẹsà ló gbé e wọlé. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Nígbà tí káńsù jókòó, wọn ò fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì. Kò sí kànga. Ẹ óò bi mí pé, kí ló dé tí mi ò padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè lọ na okùn náà? Mo rò ó. Ojú tì mí. Báwo ni n ó ṣe lọ ti omi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò gbà wá sílẹ̀? Mo ń sún un síwájú, mo ń sọ fún ara mi pé bóyá kò ní mú ẹnikẹ́ni. Títí òjò fi dé. Ọ̀gá wọ kóòtù, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi pé Ọlọ́run á fi ẹni tó máa dúró tì mí lọ́jọ́ ogbó jíǹkí mi.

Ọdún yí po. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, gbogbo oko ló yẹ kó ti máa kọ ebè. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Ìdí-Ayùnrẹ́ lówurọ̀, mi ò gbọ́ ìró ọkọ́. Ewúrẹ́ nìkan ló ń rìn kiri. Mo kanlẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n wọlé, kò sẹ́ni tó dìde. Tọkọtaya nà sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wú. Ilé kejì, bẹ́ẹ̀. Ilé kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n ká aràn náà mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sí wọn nínú. Bàbá Músíbáù ti kú kí òjò tó dé. Ti ìyàwó Músíbáù, ọmú ló gbà jáde, ọmọ ń sunkún, kò lè fún un lọ́mú. Músíbáù fúnra rẹ̀, orókùn ọ̀tún ni. Ó ti kó ọyún sínú oríkèé, ẹsẹ̀ náà ti ká kò, kò ṣeé nà.

Ó gbìyànjú láti dìde fún mi. Mo ní kó má dìde.

Ó ní, "Wolé-wolé, ẹ ò rí ohun tí wọ́n ṣe fún wa? Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni o. Nítorí pé a ò dìbò fún wọn. Wọ́n ti fi nǹkan sí wa lọ́nà."

 Mo ní omi ni mo rò pé ó fà á. Ó mirí. Ó ní, "Omi kẹ̀? Omi tí bàbá wa ti ń mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá abà yìí sílẹ̀?" Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nígbà náà.  Mo na okùn yí adágún ká, mo lọ bẹ ilé ìwòsàn kí wọ́n rán ẹni tó máa wẹ ojú ọgbẹ́. Ọdún yẹn, wọn ò rí iṣu gbìn ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Èbù tó yẹ kí wọ́n gbìn, wọ́n sè é jẹ.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láìjẹ́ pé oṣù parí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin, kò gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé o mu omi náà?"

"Rárá, sà."

 Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo ń retí kó ní kí n padà lọ dúró láàárín abà náà, kí n sọ ọ́ sókè, bó ṣe ní kí n ṣe níwájú àwọn alápatà. Ká sọ pé ó sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá ṣe é. Ìdí tí mo fi lọ bá a nìyẹn.

Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí ẹnìkankan, sà."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ọ̀gá..."

"Mo ní má sọ ọ́! Bí wọ́n bá gbọ́ pé wolé-wolé fi adágún sílẹ̀ nítorí ìbò, wọ́n á lé ọ, wọ́n á sì gé owó gbogbo wa. Àkànjí á gbé e kiri bí àsíá. Ibo ni kí n wá lọ, Làsísì? Ibo ni kí n lọ?" Ó bá bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí mo gbé e jáde nínú kànga, pẹ̀lú egungun tó fọ́, kò sunkún. Láti oṣù náà lọ, bí mo bá gbé owó dé, kì í wọ kóòtù mọ́. Á kàn nawọ́ láti orí ibùsùn, kò ní wò mí lójú. Ó lo ọdún díẹ̀ sí i kí ó tó kú, a ò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́ rí.

Mo ṣe iṣẹ́ náà dé òpin. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi: wọ́n gba dígí, wọ́n fún wa ní tọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún wa ní fáńpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín oògùn ẹ̀fọn, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi. Kànga dé àwọn abà kan, omi ẹ̀rọ dé ìlú. Mo di ọ̀gá, mo ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi. Mi ò lè ní kí wọ́n mu omi tí wọ́n bá sọ pé ó dára. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi. Wọ́n ní ọ̀gá tó níwà tútù ni mí. Mo fẹ̀yìn tì, owó náà sì ń wọlé títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìdìbò kejì ni mi ò tíì sọ fún yín. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni. Àkànjí tún jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún ń sọ: kó gé owó ìfẹ̀yìntì, kó gbẹ́ kànga. Wọ́n ní kí n dúró ní ojú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò, kí n máa rí sí i pé àyíká mọ́. Nígbà tí oòrùn ti le, mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìrẹsà, ó fi ọ̀pá kan tilẹ̀, ó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan. Músíbáù ni. Kò sí ẹni tó gbé e, ó ti rìn láti ìdájí. Ó wọlé lọ sẹ́yìn aṣọ. Nígbà tó jáde, ó wò yíká títí ó fi rí mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Wolé-wolé, mo ti ṣe é o. Fìtílà ni. Gbogbo abà ló ní kí n wá jẹ́ kí ẹ mọ̀. Lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó ṣàánú wa, ẹ̀yin ṣàánú wa. Wọn ò ní gé owó ogbó yín lójú wa."

Mo lanu. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, ó ku kí n sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Músíbáù."

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò lè dá gùn ún. Mo bọ́ sí abẹ́ apá rẹ̀, ó fi gbogbo ara lé mi, a jọ ń gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ṣàdúrà fún mi títí a fi dé ibi tí ọkọ̀ wà.